Oilers já ọmọ mi kulẹ̀: ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà tó ń bọ̀ fún un?

Màmá Ìbejì, Edmonton

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ họ́kì orí yìnyín ni mo gbé wá lónìí, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ti fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fún Edmonton Oilers. Láti June 24, 2024 tí Florida Panthers ti gba Stanley Cup, ife líìgì họ́kì NHL, mọ́ wọn lọ́wọ́, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn mọ́. Jẹ́sì McDavid, kápútìn wọn, tí a rà fún un nígbà Kérésì, ó ti ká a, ó sì jù ú sínú àpò aṣọ tí a fẹ́ fi tọrẹ. Mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó tún dá a padà.

Bàbá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, pé bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ló yẹ kó máa wò, pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀pá lé rọ́bà kiri lórí yìnyín. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí la bí ọmọ náà sí, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ níléèwé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ èmi fúnra mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un. January ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wò ó, ìgbà tí wọ́n ń na gbogbo ayé. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ tó dé àṣekágbá kò ṣe burúkú. Lójú tiẹ̀, ẹ̀tàn ni gbogbo ẹ̀.

Kí ló fà á gan-an? Ṣé gólì (ẹni tó ń ṣọ́ ilé) ni, ṣé kóòsì ni, àbí McDavid fúnra rẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ yìí ṣì nírètí, tí mo fi lè ra tíkẹ́ẹ̀tì October fún un? Owó tíkẹ́ẹ̀tì Rogers Place, pápá Oilers, kì í ṣe owó kékeré, ẹ̀yin náà mọ̀.

Àkàndé Mill Woods

Gólì ni, mọ̀mí. Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Stuart Skinner kò tíì tó gólì tó ń gba Stanley Cup. Ẹ ò rí i pé nígbà tí wọ́n ń bá Vancouver gbá nínú playoffs (ìdíje ife lẹ́yìn sáà, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí eré 4 nínú 7 ló ń tẹ̀ síwájú), ṣe ni wọ́n yọ ọ́, tí wọ́n fi Calvin Pickard sí i ní eré kẹrin àti ìkarùn-ún? Ẹgbẹ́ tó ní McDavid, tó ní Draisaitl, tó tún ń wá gólì kiri nínú oṣù May! Kí wọ́n lọ ra gólì gidi, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Alàgbà Whyte Avenue

Àkàndé, má fi Skinner ṣẹ̀sín níṣojú mi. Eré kẹfà pẹ̀lú Dallas, nílé wa níbí: Dallas ju pọ́ọ̀kì (rọ́bà yẹn) sí ilé wa ní ẹ̀ẹ̀mẹ 35, àwa ju 10 péré sí tiwọn, síbẹ̀ a borí, 2 sí 1. Ta ló gbé wa dé àṣekágbá lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí kì í bá ṣe òun? Eré keje pẹ̀lú Florida ńkọ́? Méjì péré ló kọjá lára rẹ̀. Tí àwọn tó wà níwájú bá ju ẹyọ kan ṣoṣo sáwọ̀n, kí lo fẹ́ kí gólì ṣe? Kó fi ilé sílẹ̀ kó lọ jù ú fún wọn?

Màmá Ìbejì, ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní January kò mọ ohun tí ojú wa rí ní October. Ọjọ́ kìíní sáà, October 11, 2023, Vancouver fi 8 sí 1 nà wá. Mo ní ọjọ́ burúkú kan ni. Ọ̀rọ̀ di ojoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di November 9, San Jose Sharks, tí ẹnikẹ́ni tó bá jí ń nà nígbà yẹn, nà wá 3 sí 2. Ìyẹn ló lé Jay Woodcroft, kóòsì wa, lọ: eré 2 la ti borí, a ti pàdánù 9.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Eré 82 ni sáà yẹn. Tí ẹ bá borí, pọ́ìntì 2. Tí wọ́n bá nà yín nínú àfikún àkókò, ẹ gba 1. Níparí ẹ̀, a ní 104, Florida ní 110. Ẹgbẹ́ tí pọ́ìntì rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì ló ń gba àlejò eré keje. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi wọ bàlúù lọ sí Sunrise, ní Florida, ìrìn tó ju 4,000 kìlómítà lọ, tí wọ́n lọ pàdánù 2 sí 1 níwájú èrò tí kì í ṣe tiwa. Ká ní a borí eré 4 péré sí i nínú àwọn tí a fi ṣòfò nígbà tí sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Edmonton ni eré keje ì bá ti wáyé. October ni wọ́n ti gba ife yẹn lọ́wọ́ wa. June kàn jẹ́rìí sí i ni.

Ọmọ Ìbàdàn ní Calgary

Hahaha. Ẹ̀yin ará Edmonton, ẹ kú ìdárò o.

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ ilé àti ìta yẹn kò dúró. Eré kẹta, ilé yín níbẹ̀ ni Florida ti nà yín 4 sí 3. Eré karùn-ún, ilé Florida lẹ ti nà wọ́n 5 sí 3. Ta wá ni ilé ràn lọ́wọ́? McDavid ni kí ẹ bi. Eré kẹfà, kò ní góòlù, kò ní asíìsì. Eré keje, bákan náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n pè é pé kó wá gba Conn Smythe, ife ẹni tó ta yọ jù, ó kọ̀, kò jáde. Ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí tó ń bínú nínú yàrá. Ọmọ màmá yẹn tó ká jẹ́sì, ọ̀gá rẹ̀ ló fìwà jọ.

Àmọ́ mọ̀mí, ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé ó kàn wá o. Rumun Ndur, Zaria ni wọ́n bí i sí, ó sì gbá nínú NHL. Akim Aliu, Okene ni wọ́n bí i sí, Flames tiwa níbí ló ti gbá ní NHL. Òun náà ló la ẹnu rẹ̀ ní 2019 nípa èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí kóòsì kan bú u nígbà tó ṣì ń gbá ní líìgì kékeré, tí kóòsì náà fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọmọ tiwa ti fara gbọgbẹ́ nínú eré yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò kàn wá.

Àkàndé Mill Woods

@Ọmọ Ìbàdàn ní Calgary, ipò wo ni Flames ṣe? Àbí ẹ ò dé playoffs rárá? Mo kàn bi ọ́ ni.

Ẹlẹ́rìn-ín Òru, Ìlọrin

Èmi tí mò ń wò ó láti Ìlọrin ńkọ́? Aago kan òru ni eré keje bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá gbá ní Edmonton lásìkò òtútù, aago mẹ́ta òru ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Red Deer ló kó mi sí i. Dátà mi tán kó tó di pé Reinhart ti Florida ju ìkejì wọlé, àkópọ̀ tí NHL máa ń gbé sórí YouTube ni mo fi rí i láàárọ̀.

Mọ̀mí, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹgbẹ́ tó borí eré 17 léraléra kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀tàn. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó ṣe sùúrù.

Tọ́lá Onísirò

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan méjì ṣe ká tó lọ jìnnà. 16 ni eré tí a borí léraléra, kì í ṣe 17. Pittsburgh Penguins ti 1993 ló ni 17. December 21 la bẹ̀rẹ̀, January 27 la borí èyí tó gbẹ̀yìn, Vegas sì dá wa dúró ní February 6, 3 sí 1. Bàbá Whyte Avenue, ọjọ́ tí wọ́n lé Woodcroft, eré 3 la ti borí. A na Seattle 4 sí 1 ní alẹ́ tó ṣáájú. Ẹni tó borí lálẹ́ ni wọ́n fún níwèé láàárọ̀.

Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, Kris Knoblauch, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n. Hartford, ní líìgì kékeré, ni wọ́n ti mú un wá. Òun ló kọ́ McDavid ní Erie nígbà tí McDavid ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé, àwọn kan sì ń pariwo pé McDavid ló yan kóòsì fúnra rẹ̀. Wọ́n tún fa Paul Coffey kalẹ̀ láti máa bójú tó àwọn ará ẹ̀yìn. Coffey yìí, ará ẹ̀yìn tó máa ń gbá bí ará iwájú ni lásìkò tirẹ̀. Ohun tó sọ fún Bouchard àti àwọn yòókù ni pé kí wọ́n má kàn máa gbá pọ́ọ̀kì dànù láti lé ẹ̀rù jìnnà, kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n wá ẹni tí wọn yóò fún. Ẹ wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde: Bouchard, ará ẹ̀yìn, kó pọ́ìntì 32 (góòlù àti asíìsì rẹ̀ lápapọ̀) nínú playoffs.

Ní ti àṣekágbá, ẹ bá mi ka góòlù. Eré mẹ́ta àkọ́kọ́, Oilers ju 4 péré: 0, 1, 3. Eré mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 18: wọ́n ju 8, wọ́n ju 5, wọ́n tún ju 5. Eré keje, 1. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Edmonton 23, Florida 18. A fi góòlù 5 ju ẹni tó gba ife lọ! Ìdí tí mi ò fi lè bá Àkàndé di ẹ̀bi ru gólì nìyẹn, tí mi ò sì lè bá bàbá dì í ru October nìkan. Nínú eré mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wàhálà wà. Power play wa (ìgbà tí ọ̀tá bá ṣẹ̀, tí wọ́n lé ẹni wọn kan jókòó fún ìṣẹ́jú 2, tí wọ́n wá ku 4 sí 5 wa), tó ti ń dẹ́rù ba gbogbo líìgì, kò ju góòlù kankan sáwọ̀n nínú eré mẹ́ta yẹn. Aleksander Barkov, kápútìn Florida, kò jẹ́ kí McDavid mí. Bobrovsky, gólì wọn, sì ń kó pọ́ọ̀kì bí ẹni ń kó àgbàdo.

Kí ọmọ Ìbàdàn sì tún wo ìwé rẹ̀ dáadáa. McDavid kó pọ́ìntì 4 ní eré kẹrin, ó tún kó 4 ní ìkarùn-ún. 42 ló kó nínú playoffs, asíìsì 34 nínú ẹ̀, ó já iye tí Gretzky ní ní 1988, tó jẹ́ 31. Láti 2003, kò sí ẹni tó gba Conn Smythe nínú ẹgbẹ́ tó pàdánù àfi òun. Ẹni tí wọ́n fún ní irú ife bẹ́ẹ̀ nígbà tí omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ kó jó jáde ni?

Ọmọ Ìbàdàn ní Calgary

Kó jáde, kó gbà á, kó ní ẹ ṣé. Ó tán. Ilé wa kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Sherwood Park

Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, obìnrin yìí ní kí ẹ bá òun gba ọmọ òun, ẹ ń ka góòlù. Ẹ kú iṣẹ́.

Màmá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan ọwọ́ yín. Ọmọ mi méjì ló ń gbá họ́kì. Ẹ má fipá mú un wọ jẹ́sì yẹn, ẹ má sì fi tọrẹ. Ẹ kàn gbé e sórí àjà tiyín. Ẹ má sì bá a jiyàn pé dídé àṣekágbá náà dáa, torí pé kò ní gbọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún tèmi kékeré ni pé mo jókòó tì í, a jọ wo eré Dallas yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, góòlù àkọ́kọ́ yẹn ní pàtàkì. McDavid gba pọ́ọ̀kì, ó yí Miro Heiskanen po, Heiskanen kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ, ó wá fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbé e gba òkè orí gólì kọjá. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ní ká tún un wò.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Oilers rárá. Edmonton Oil Kings, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní WHL, Rogers Place kan náà ni wọ́n ti ń gbá. Owó wọn kéré gan-an sí ti Oilers, ẹ ó sì jókòó nítòsí débi tí ẹ ó ti máa gbọ́ bí bàtà onírin ṣe ń ha yìnyín. Ẹ mú kóòtù dání, ẹ má wo ti pé oòrùn ń ràn níta. Tí òun fúnra rẹ̀ bá sì fẹ́ gbá, KidSport máa ń ran òbí lọ́wọ́ lórí owó ìforúkọsílẹ̀, irinṣẹ́ sì ń bẹ ní àlòkù. Ẹ má ra bàtà tuntun fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn lóṣooṣù. Kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí Ice Palace nínú West Edmonton Mall, kẹ́ ẹ rí i bóyá ó lè dúró.

Bàbá rẹ̀ náà, ẹ mú un dání. Ẹni tó bá ti rí wọn lójúkojú bí wọ́n ṣe ń sáré kì í pè é ní rọ́bà lílé mọ́.

Alàgbà Whyte Avenue

Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Tọ́lá náà, mo gbọ́ àtúnṣe rẹ, àmọ́ eré 3 àti eré 2, ebi kan náà ni.

Màmá, ẹ sọ èyí fún ọmọ yẹn látẹnu mi. Ọdún tí mo dé Edmonton, 1983, Oilers dé àṣekágbá, New York Islanders nà wọ́n 4 sí 0. Wọn ò borí ẹyọ eré kan. Níbi tí mo ti ń fọ abọ́ nígbà náà, ṣe ni àwọn ọ̀gá mi ń sunkún sínú ọtí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ kan náà ló pàdé Islanders kan náà, wọ́n sì gba ife. Grant Fuhr ni gólì, ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Stanley Cup. Mo yọ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n tún gbà á ní 1985, 1987, 1988 àti 1990. Tó bá ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn, kó wo Florida yìí gan-an: ní 2023, Vegas nà wọ́n ní àṣekágbá, 4 sí 1. Ọdún kan péré ló wà láàárín ẹkún wọn àti ife wọn.

Àkàndé Mill Woods

Ìtàn dáa, bàbá, àmọ́ lásìkò yín, kò sí òfin pé owó oṣù gbogbo ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ kọjá iye kan. Lónìí ó wà: $88 mílíọ̀nù ni fún sáà 2024-25. McDavid nìkan ń gba $12.5 mílíọ̀nù, Darnell Nurse $9.25 mílíọ̀nù. Ẹ wá gbọ́ ti gólì tí mò ń wí. Ní 2022, wọ́n fún Jack Campbell ní ọdún 5, $5 mílíọ̀nù lọ́dún. Ní November 2023, wọ́n dá a padà sí líìgì kékeré ní Bakersfield. Ní June 2024, wọ́n sanwó fún un kó máa lọ, ìyókù owó yẹn yóò sì máa wà lọ́rùn wọn fún ọdún 6. Ọdún mẹ́fà! Ẹ sọ pé gólì kọ́ ni ìṣòro. Ẹni tí kò tiẹ̀ sí nílé ló ń jẹ owó gólì tuntun.

Tọ́lá Onísirò

Èyí, mo gbà fún ọ. Àmọ́ kì í ṣe Skinner ló fọwọ́ sí ìwé Campbell. Ken Holland, ọ̀gá ẹgbẹ́ nígbà náà, ló ṣe é, òun náà sì ti lọ. Draisaitl ni kí a máa ronú nípa ẹ̀: ní July 2024 yìí, sáà kan ṣoṣo ló kù nínú àdéhùn rẹ̀, $8.5 mílíọ̀nù ló sì ń gbà, tí ẹni tí kò tó o ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá sọ ọ́ nù, Màmá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Tó bá fọwọ́ sí i, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Màmá Ìbejì, Edmonton

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Bàbá Whyte Avenue, mo ka ọ̀rọ̀ 1983 yẹn fún un. Ó ní "àwọn yẹn ní Gretzky." Mo ní àwa náà ní McDavid. Ó ní McDavid ò ní gólì. Àkàndé, ó dà bíi pé ìwọ àti ọmọ mi ti ń bá ara yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

Màá gbìyànjú Oil Kings yẹn. Bàbá wọn ní òun á bá wa lọ tí a bá máa jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé Oilers ra Skinner. Ṣé kì í ṣe Skinner tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn? Àbí wọ́n tún un rà ni?

Nọ́ọ̀sì Sherwood Park

Rárá o, òmíràn ni. Jeff Skinner ni tuntun yẹn, ará iwájú tó ń ju góòlù ni, ọdún kan ni wọ́n fún un. Wọ́n mú Viktor Arvidsson náà wá lọ́jọ́ kan náà, July 1, 2024. Stuart Skinner ṣì ni gólì ní July 2024 yìí.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì Oilers, ẹ má ra ọjọ́ Calgary tàbí Toronto, wọn á bọ́ yín láṣọ. Ẹ wá ọjọ́ Tuesday tí San Jose bá ń bọ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní Calgary

San Jose tó nà yín ní November àbí òmíràn?

Àkàndé Mill Woods

Jáde kúrò níbí jàre.

Mọ̀mí, tí ọmọ bá ní òun fẹ́ jẹ́sì Skinner, ẹ bi í léèrè èwo kẹ́ ẹ tó sanwó. 74 ni ti gólì. Èmi ò ní kí ẹ rà á o.